Ẹni Tó Ń Ka Ife

Aago kan òru ni mo máa ń dé ilé ọtí náà ní Burslem,
nígbà tí orin ti parí, tí ògiri ṣì ń kùn.
Èmi kì í gbọ́ wọn. Ìdọ̀tí wọn ni mo ń bá pàdé.
Ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, garawa lẹ́bàá ẹsẹ̀,
mo ń ka ife ike bí ẹni ń ka owó àjọ:
ení, èjì, ẹ̀ta.

Oṣù kejì, ife mẹ́sàn-án.
Ká sòótọ́, méjì nínú ẹ̀, tiwọn ni,
ọ̀kan, ti ọkùnrin tó ń ta ọtí.
Rhona Capewell ló ń ta gìtá, tó ń bú ramúramù;
Kit Salt ló ń lu ìlù. Iyọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀,
òógùn rẹ̀ sì gbẹ funfun sórí àga, mo fi kànìnkànìn nù ún.
Mo bi ọ̀gá mi pé, àwọn yòókù ńkọ́?
Ó ní kò sí àwọn yòókù.
Mo ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà,
ìka méjì, àyà wo ni wọ́n fẹ́ fi sọ?
Ó wò mí bí ẹni tí mo fi èdè ẹyẹ bá sọ̀rọ̀.

Oṣù kẹrin, mọ́kànlélógún.
Mo rí ọ̀pá ìlù tó kán sábẹ́ àga,
ara rẹ̀ rí bí eegun tí ajá jẹ kù.
Mo mú apá tó gùn relé.
Òun ni mo fi ń ti fèrèsé mi sókè báyìí,
torí onílé ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe, òun ń bọ̀.

Oṣù karùn-ún, mẹ́tàdínlógún.
Ó dùn mí. Kí ló kàn mí ńbẹ̀? Ó dùn mí.
Òjò ló rọ̀, mo wí fún ìgbálẹ̀,
bọ́ọ̀lù sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Mo máa ń bá wọn lẹ́yìnkùlé nígbà mìíràn,
tí wọ́n ń ti àpótí dúdú ńlá sínú ọkọ̀
tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan pupa, tí èkejì jẹ́ búlúù.
Rhona kì í lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn eré, ọwọ́ ló fi ń kí mi.
Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fún un ní omi àtalẹ̀ nínú fíláàsì.
Ó mu ún, ó dì mọ́ mi, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin.
Kit ní, “Crewe lọ́la, Wigan lọ́túnla.
Àwọn mẹ́fà kan láti ibí ń tẹ̀ lé wa lọ.”
Mẹ́fà! Ó pè é bí ẹni ń pe ẹgbẹ̀rún.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Oṣù kẹsàn-án, àpò ìdọ̀tí kan kò gbà á mọ́.
Mo ka ọgọ́rin, mo ṣì ń kà.
Mo rí bàtà ẹsẹ̀ òsì kan,
mo rí eyín àtọwọ́dá, mo gbé e sórí káńtà,
ẹni tó ni ín á wá a wá.
Ẹnìkan ti kọ orúkọ wọn sára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀,
Èéfín Ìkòkò, bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ re.
Ọ̀gá ní kí n fọ̀ ọ́ dànù.
Mo fọ gbogbo ibi tó yí i ká.

Lálẹ́ òní mi ò dúró de aago kan.
Mo wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo san pọ́n-ùn mẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà.
Ọmọ tó ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ní, “Màmá, àkókò iṣẹ́ yín ò tíì tó.”
Mo ní mo mọ̀.
Mo dúró lẹ́yìn, nítòsí ibi tí ìgbálẹ̀ mi ń sùn.
Kit gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé pa lọ́lọ́,
lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tí mo ti ń gbá láti ọdún mẹ́rin
gbọ̀n lábẹ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.
Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.
Eyín mi gbọ́ ọ. Rhona la ẹnu,
èmi ń ronú nípa àtalẹ̀.

Nígbà tó di aago kan, mo mú ìgbálẹ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta.
Èwo ni tèmi nínú wọn? Mi ò dá a mọ̀ mọ́.
Mo kà á mọ́ wọn.